"Aláìgbẹ̀sìn" kọ́ lọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú làákàyè. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: kí ni ká máa pe "secular state" àti ẹni tí kì í ṣẹ̀sìn kankan ní Yorùbá, ṣé ó sì yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àga aṣojú láàárín àwọn aṣojú ẹ̀sìn? Ẹni tó dábàá "ìjọba aláìgbẹ̀sìn", mo rí ibi tó ń lọ: "gbè" ló ní lọ́kàn, ìjọba tí kì í gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan. Ṣùgbọ́n tí a bá pa fáwẹ̀lì "gba ẹ̀sìn" náà jẹ, "gbẹ̀sìn" ni yóò dà. Ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Òde yóò gbọ́ ọ bí ìjọba tí wọ́n wàásù fún tó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí abala 10 ìwé òfin 1999 sọ ni pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. A sì ti ní "aláìṣègbè" nílé. "Ìjọba aláìṣègbè lórí ẹ̀sìn" gùn díẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò ṣì í gbọ́.

"Aláìlẹ́sìn" gan-an ló ń bí mi nínú. Aláìlọ́mọ, aláìníṣẹ́, aláìnítìjú: ta ló fẹ́ jókòó sáàárín wọn? Ìgbà tí a ń pe àwọn Oníṣẹ̀ṣe ní kèfèrí, ta ló ya àga sọ́tọ̀ fún wọn? Ẹnìkan mú "onílàákàyè" wá. Àwa yòókù wá ńkọ́, ọ̀bọ ni wá? "Ẹni tí kì í ṣẹ̀sìn" tó.

Ní ti àga fúnra rẹ̀: bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní àga 26 nílé aṣòfin àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti 1993 ni òfin ilẹ̀ wọn ti ní kí ìjọba máa sanwó oṣù fún òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí kì í ṣẹ̀sìn, bó ti ń san ti àlùfáà. Àmọ́ "aṣojú", ojú ta ló ń ṣe? Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba, tí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Lónìí régbérégbé ló ń jáde. Ọjọ́ orí ló kó wọn jọ, Àlàájì àti díákónì nínú aṣọ kan náà. Èmi ò rí aṣojú tó ju ìyẹn lọ.

Nípàdé àdúgbò wa tó kọjá, ìmáàmù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, Oníṣẹ̀ṣe wúre. Alága wá yíjú sí akápò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í lọ mọ́ṣáláṣí. "Bàbá, ti ẹ̀ka tiyín ńkọ́?" Bàbá ṣí ìwé owó, ó ti gíláàsì sókè imú.

"Alága, owó tíráńsífọ́mà ilé yín ku ₦4,500."