Netflix ni àbí YouTube? Ibi tí a ti lè rí fíìmù Yorùbá wò dáadáa lókè òkun

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ojúmọ́ o. Àwọn ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Mo fẹ́ kí wọ́n máa wo fíìmù wa nílé. Bàbá wọn ní ká máa san Netflix, èmi ní YouTube ti tó. Mo tún ń rò ó pé tí a bá san án, màmá mi ní Ọmú-Àrán náà á máa rí i wò. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ màmá bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ wa ń ṣòfò sí. Láti 2023 ni Netflix kò ti gbà kí ilé méjì máa wò lórí owó kan mọ́. Ilé tí ẹ̀ ń gbé nìkan ni owó yín wà fún, íntánẹ́ẹ̀tì ilé náà ni wọ́n sì fi ń dá yín mọ̀. Ẹ lè san àlékún fún ẹnì kan tí kò bá yín gbé, àmọ́ orílẹ̀-èdè kan náà lẹ gbọ́dọ̀ jọ wà. Tí màmá bá fẹ́ ẹ gan-an, ti Nàìjíríà ni kí ẹ bá wọn san, èyí tó wà fún fóònù ni owó rẹ̀ kéré jù.

Ti àwọn ọmọ ni mo ti gba ti bàbá wọn. Ohun tí Netflix fi ju YouTube lọ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ó mọ́, ó sì ń bá ẹnu òṣèré rìn. Nígbà tí fíìmù Kúnlé Afọláyan jáde níbẹ̀ ní 2022, gbogbo ilé wa la jọ jókòó tì í. Ọmọ Adé Love ará Àgbámù ni o, tiwa ni. Ọmọkùnrin mi ń ka Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, etí rẹ̀ wà níbi Yorùbá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà síbi kan náà, ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Kí fíìmù tó lọ jìnnà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Audio & Subtitles sí, kí ẹ rí i pé ohùn Yorùbá lẹ mú. Tó bá lọ jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló ń jáde, kí làwọn ọmọ fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀?

Àléébù rẹ̀ ni pé fíìmù Yorùbá ibẹ̀ kò pọ̀ rárá. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń ra ẹ̀tọ́ fíìmù fún, nítorí náà èyí tí wọ́n ń wò ní Ìlọrin lè má sí ní Leeds. Tí àdéhùn bá sì parí, fíìmù á kúrò níbẹ̀.

Ará Ìgbómìnà, Houston: Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í san án láti oṣù dé oṣù. Tí fíìmù wa bá jáde, mo san oṣù kan, mo sì fagi lé e lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn ò ní tì í mọ́ ẹ lójú títí oṣù á fi pé. YouTube là ń wò ní ìyókù ọdún. Àwọn òṣèré wa ló ni ọ̀pọ̀ ojú ewé ibẹ̀, fíìmù kò lópin. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ògùn owó. Ẹ pa Autoplay, kí ẹ to èyí tí ẹ ti wò tẹ́lẹ̀ jọ fún wọn.

Alfa Ìta Ògúnbọ̀, London: Sàlámù aléékúmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, ẹ ṣọ́ra fún TV licence, ìwé àṣẹ tí à ń sanwó fún láti wo tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù orí Netflix àti ti orí YouTube kò béèrè rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ń wo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan bó ṣe ń gbé ètò jáde lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ orí fóònù, ẹ gbọ́dọ̀ ní in. Owó ìtanràn lè tó £1,000. Ètò ààwẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde láti ilé, èmi máa ń dúró kó parí, kí n tó wò ó lórí YouTube.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ ṣeun gan-an. A ó san oṣù kan ná. Ti màmá wá ńkọ́? Dátà ń tán lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester: YouTube ni kí wọ́n máa wò. Netflix tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, ta ni yóò máa ra ìyẹn fún wọn? Ẹ ní kí ẹnì kan nílé bá wọn wọ Settings lórí YouTube, kó wá Video quality preferences, kó mú Data saver níbi mobile networks. Àwòrán kò ní mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn á ṣì máa jáde dáadáa.