Báàjì mẹ́ta, ọdún wo ni wọ́n ṣe ìkọ̀ọ̀kan? Ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, ẹ má bínú bó bá gùn. Mo ra báàjì mẹ́ta pa pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà wọ́n ní ọkùnrin kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn, pé warden ARP (Air Raid Precautions, ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo aráàlú lọ́wọ́ bọ́ǹbù) ni nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń rọ̀ lé London lórí ní 1940. Àpò ìwé lásán ló kó wọn sí, kò fi òwú kankan wé wọn, wọ́n ń ro wojo-wojo bí póòsì ṣe ń gbé e bọ̀. Ọjọ́ tó dá fún mi kọ́ ló dé. Mo bi í léèrè, ó ní báàjì tó bá ti ní adé ọba lórí, ti ogun Hítílà ni. Ìyàwó mi ti ní páńda ni mo fi owó pọ́n-ùn rà.
Ọ̀kan ni ARP, ọ̀kan On War Service ("lẹ́nu iṣẹ́ ogun"), ọ̀kan Civil Defence ("ìdáàbòbò aráàlú"). Ọdún wo ni ìkọ̀ọ̀kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní iye tí mo san.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀
O sọ ti àpò ìwé, o sọ ti póòsì, o ò sọ ohun kan nípa ẹ̀yìn báàjì. Ẹ̀yìn sì ni ọ̀rọ̀ wà.
ARP yẹn, Eric Gill, oníṣẹ́ ọnà, ló ya àwòrán rẹ̀, Royal Mint, iléeṣẹ́ tó ń rọ owó ìjọba, ló ń ṣe é, 1936 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Fàdákà gidi ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Yí i padà, tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè bọ́ sínú òǹtẹ̀ (àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sára fàdákà), fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó. Kìnnìún tó ń rìn túmọ̀ sí fàdákà 925, ìyẹn ìpín 925 nínú 1000. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti London. Lẹ́tà tó kù ló ń sọ ọdún: A ni 1936, B 1937, C 1938, D 1939, E 1940. Oṣù Karùn-ún ni London máa ń pààrọ̀ lẹ́tà, nítorí náà D wọ inú 1940. Ọdún tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i nìyẹn o. Ó lè pẹ́ kó tó kan ẹni tí wọ́n fún. Bí o kò bá rí òǹtẹ̀ kankan, má tíì pè é ní ayédèrú: nígbà tí ogun le, irin lásán ni wọ́n fi ń ṣe é.

Àǹtí Kóòtù Àtijọ́
Ẹ jẹ́ ká wo On War Service. Ṣé ọdún wà lójú rẹ̀? 1914, 1915 tàbí 1916 ló máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ogun àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe ti Hítílà rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ohun ìjà ni wọ́n fún, torí àwọn obìnrin kan ń fi ìyẹ́ funfun lé ọkùnrin tí kò wọ aṣọ ológun lọ́wọ́ ní ìgboro, láti fi dójú tì í. Ti 1915 ní enamel aláwọ̀ búlúù níwájú àti nọ́ńbà lẹ́yìn. Oníhò mẹ́ta, ẹ dákun, onígun mẹ́ta ni ti 1916, àwọn obìnrin ni wọ́n ṣe é fún.
Ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Enamel gidi jẹ́ gíláàsì tí iná yọ́: ó tutù, ó le, bó bá sán, etí ibi tó sán máa mú. Ti ayédèrú jẹ́ róbà líle, ó máa ń kún kọjá ìlà irin.

Bàbá Ẹlẹ́rù
Ẹ óò kọ́kọ́ rà, ẹ óò wá béèrè. Ẹ fi àwòrán ẹ̀yìn hàn wá.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. ARP: kìnnìún wà, orí àmọ̀tẹ́kùn wà, D ni lẹ́tà rẹ̀. Pínnì gígùn ló wà lẹ́yìn. Òǹtẹ̀ náà dúdú, mo fi Brasso, oògùn tí wọ́n fi ń dán irin, fọ̀ ọ́ kó lè hàn. Ẹ má bá mi jà, n kò lè ka ohun tí n kò rí. On War Service, 1915 ló wà lójú rẹ̀, nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn. Civil Defence ní adé ọba.

Bàbá Ẹlẹ́rù
Brasso! Nǹkan tó ń ha irin ni. Ó ń fọ fàdákà, ó ń fọ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Iná ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n sọ fún yín ti tó.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀
Pínnì kẹ̀? Ti obìnrin ni pínnì. Ti ọkùnrin ní irin tó rí bí ilàjì òṣùpá, tí wọ́n ń tì bọ ihò bọ́tìnnì létí kóòtù. Warden ọkùnrin tí wọ́n sọ fún ọ yẹn wá ńkọ́?

Ìlù Bàtá
Kò fi dandan jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan lè gé ti ọkùnrin kúrò, kó jó pínnì mọ́ ọn kí ìyàwó rẹ̀ lè máa lò ó.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀
Ó lè ṣẹlẹ̀. Àpá rẹ̀ kò sì ní ṣàìhàn: lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́ ọn, tó dúdú díẹ̀ ní ìdí pínnì, àti ojú ibi tí òṣùpá wà tẹ́lẹ̀. Wò ó kí o sọ fún wa.

Ìlù Bàtá
Civil Defence ní tirẹ̀, adé ọba ti yanjú ẹ̀. Ti ọba, apá adé náà yí bìrìkìtì lókè. Ti ayaba, ó wọnú láàárín. Ti ogun Hítílà ni. Ọ̀rọ̀ parí.

Àǹtí Kóòtù Àtijọ́
Kò tíì parí. Láti 1901 ni adé yẹn ti wà lórí báàjì, oṣù Kejì 1952 sì ni Ọba George Kẹfà kú. Ọdún mélòó ló wà láàárín òpin ogun ní 1945 àti ìgbà yẹn? Ọmọ Ìbàdàn, kọ gbogbo lẹ́tà tó wà lójú báàjì náà, má fò ọ̀kan.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds
Kò sí àpá lẹ́ẹ̀dì kankan, ìdí pínnì mọ́ tónítóní. Lójú ìkẹta, CIVIL DEFENCE CORPS. N kò kọ ìkẹyìn torí mo rò pé "ẹgbẹ́" lásán ló túmọ̀ sí.

Àǹtí Kóòtù Àtijọ́
Òun gan-an ló mú ọdún dání! 1949 ni wọ́n dá Civil Defence Corps sílẹ̀, 1968 ni wọ́n tú u ká. Adé ọba mú un sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀: láti 1949 sí nǹkan bí 1953. Kò sí warden 1940 tó lè ní in. Kódà, ní 1940, ARP ni wọ́n ṣì ń pe iṣẹ́ náà.

Ìlù Bàtá
Mo gbà.

Bàbá Ẹlẹ́rù
Bó bá jẹ́ oníṣòwò ló tà á, òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún yín ní ọjọ́ 14 láti dá ohun tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì padà. Bó bá jẹ́ aládàáni, ẹ kọ ọ́ pé ọjà kò bá àpèjúwe mu. Ìkẹta ni kí ẹ gùn lé, ẹ ti fi Brasso ba ẹjọ́ ARP jẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds
Èmi ò fẹ́ dá ARP padà. Ó sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni warden náà, ìdí tí mo fi san iye yẹn nìyẹn.

Ọ̀gá Òǹtẹ̀
Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ nìyẹn. Lóòótọ́, àwọn èèyàn wa ṣe iṣẹ́ náà: Ita Ekpenyon, ọmọ Calabar, jẹ́ warden ní Marylebone, àdúgbò kan ní London. Ṣùgbọ́n ARP kò ní orúkọ lára, kò ní nọ́ńbà. Láìsí káàdì warden, lẹ́tà tàbí fọ́tò tó bá a rìn, kò sí bí a ṣe lè so ó mọ́ ẹnikẹ́ni. Báàjì obìnrin ni, 1939 sí 1940, fàdákà gidi. Iye ìyẹn nìkan ló yẹ kí o san lé e. Bi í ní ìwé. Bí kò bá ní, kó dá owó ìtàn padà.

Ọmọ Ìbàdàn ní Leeds
Mo ti kọ̀wé sí i. Brasso funfun tó há sáàárín lẹ́tà ńkọ́?

Àǹtí Kóòtù Àtijọ́
Fi igi pákò tí o gbẹ́ ṣóńṣó yọ ọ́, kí o rẹ orí rẹ̀ sínú white spirit (omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà kúrò) díẹ̀. Má lo abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà fi aṣọ òwú gbẹ ẹ́. Má fi róbà dì í, má tọ́jú rẹ̀ sórí aṣọ wúùlù, àwọn méjèèjì ló ń sọ fàdákà di dúdú.