Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu kọ́ńtíráàtì mẹ́ta

Nọ́ọ̀sì ni mí, Houston, ní Texas, ni mo sì ń gbé. Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn ń dà láàmú, èyí tí à ń pè ní telemetry, ni mo ti ṣiṣẹ́ jù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà lójú kan náà ni mo bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ travel nurse, ìyẹn nọ́ọ̀sì tí ejẹ́ńsì ń rán lọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìlú mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò àtibẹ̀rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí pé ohun tí mo mọ̀ lónìí, owó ni mo fi kọ́ ọ.

Albuquerque, ní New Mexico, ni kọ́ńtíráàtì mi àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ 13, alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí 12 lálẹ́ kan. Texas àti New Mexico jọ wà nínú Nurse Licensure Compact, àdéhùn tí àwọn ìpínlẹ̀ kan jọ ṣe pé láìsẹ̀nsì nọ́ọ̀sì láti ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ nínú ìyókù, torí náà láìsẹ̀nsì tí mo ní nílé ti tó, mi ò ní láti gba òmíràn. Recruiter mi, ìyẹn ẹni tó ń bá wa wá iṣẹ́ ní ejẹ́ńsì, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, fi dá mi lójú lórí fóònù pé $2,050 ni yóò máa wọlé fún mi lọ́sẹ̀, pé wákàtí 36 ò ní yẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo fọkàn balẹ̀, mo fọwọ́ sí ìwé, mo sì gba yàrá kan tó ní bẹ́ẹ̀dì àti àga nínú, $1,500 lóṣù, mo san ti oṣù mẹ́ta kalẹ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Wọ́n ní aláìsàn ò pọ̀, kí n má wulẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé wọ́n á san án. Wọn ò san án. Nígbà tí mo pe recruiter, ó ní kí n ṣí ojú ewé kẹta. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní: ilé ìwòsàn lè fagi lé ṣífítì kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láìsan kọ́bọ̀.

Ìṣirò owó náà ló dùn mí jù. Nínú $2,050 yẹn, $792 péré ni owó iṣẹ́ gan-an, $22 fún wákàtí kan, òun sì ni ìjọba ń gba owó orí lórí rẹ̀. $1,258 tó kù, owó ilé àti owó oúnjẹ ni. Mo ti rò pé owó ilé ò lè dín, torí bí mo lọ síbi iṣẹ́ bí mi ò lọ, onílé á gba tirẹ̀. Àṣé wákàtí ni wọ́n fi pín òun náà! Ṣífítì kan tó bá já, $264 owó iṣẹ́ ti lọ, nǹkan bí $419 owó ilé àti oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fagi lé tèmi kí ọ̀sẹ̀ 13 tó pé. Ó lé ní $2,700.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ni mo sọ fún nígbẹ̀yìn. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé, “Àbúrò mi, ìwé lo bá ṣàdéhùn ni àbí ohùn?”

“Ohùn ni, mà.”

“Tó bá di ti ọjọ́ mìíràn, kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan, fi ránṣẹ́ sí mi.”

Àwọn ni wọ́n là mí lóye pé ilé ìwòsàn ló ń san iye kan fún ejẹ́ńsì lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, ejẹ́ńsì á yọ tirẹ̀, èyí tó kù ló máa kàn wá. Iṣẹ́ kan náà lè wà lọ́wọ́ ejẹ́ńsì mẹ́ta, kí owó wọn má sì dọ́gba. Torí náà, ẹ bi ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ejẹ́ńsì méjì fi orúkọ yín sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wàhálà ló máa ń dà.

Kọ́ńtíráàtì kejì, Lubbock níbí ní Texas. Ẹ̀gbọ́n bá mi ka ìwé, a ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n á san wákàtí 36 bó ti wù kó rí, wọ́n sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ float, ìyẹn kí wọ́n mú èèyàn kúrò ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ sí òmíràn, a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà: “bí ilé ìwòsàn bá ṣe nílò rẹ̀.”

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dé ní aago méje ku díẹ̀, charge nurse, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń darí wọ́ọ̀dù lálẹ́ náà, sọ pé ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ni mò ń lọ. Aláìsàn méjì. Ẹ̀rọ ló ń bá ọ̀kan mí, norepinephrine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, sì ń wọ̀ ọ́ lára. Mi ò tíì dá tọ́jú ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn rí, ẹ̀mí èèyàn sì ni. Bẹ́ẹ̀ gbogbo àwa travel nurse la mọ ohun tó ń jẹ́ Do Not Return: ilé ìwòsàn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni náà má padà wá mọ́, ejẹ́ńsì á sì gbọ́.

Ohun tó yọ mí ni pé mi ò tíì gba report, ìyẹn àlàyé tí nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé máa ń ṣe nípa aláìsàn kó tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gba aláìsàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé, ọrùn rẹ̀ ló wà. Tó bá wá fi í sílẹ̀, láìsẹ̀nsì rẹ̀ wà nínú ewu. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n bá mi pe supervisor, mo ní Safe Harbor ni mo fẹ́. Òfin Texas ló gbé e kalẹ̀: nọ́ọ̀sì tó bá gbà lóòótọ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun lè pa aláìsàn lára lè kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ò sì gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́. Orúkọ mi, ọjọ́, aago, wọ́ọ̀dù, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi, ìdí tí mo fi ń kọminú: mo kọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Supervisor kà á, kò fọhùn fún bí ìṣẹ́jú kan, ó wá pààrọ̀ wọn. Àwọn méjì tí ara wọn ti ń yá, tí wọ́n ń dúró de bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù mìíràn, ni wọ́n gbé fún mi, mo sì tọ́jú wọn mọ́jú. Mo parí ọ̀sẹ̀ 13 mi. Wọn ò ní kí n fi kún un. Mi ò kábàámọ̀.

California ni ẹ̀kẹta. Wọn ò sí nínú compact, mo kọ́kọ́ lọ gba láìsẹ̀nsì tiwọn, oṣù mẹ́ta ló gbà mí. Láti 2004 ni òfin ti fi ìdíwọ̀n sí iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan lè gbà níbẹ̀. Mẹ́rin ni ní telemetry báyìí. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí orúkọ mẹ́rin péré níwájú tèmi, mo ṣì ń wojú charge nurse bóyá ó kù.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó orí kún un. Owó ilé tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀ yẹn, ẹni tó ń ná owó gidi lórí ilé tirẹ̀ níbòmíràn ló tọ́ sí. Iṣẹ́ tí ẹ bá sì ti mọ̀ pé yóò ju ọdún kan lọ lójú kan náà, ìjọba ò kà á sí ìgbà díẹ̀ mọ́. Akáǹtáǹtì lẹ máa bi léèrè èyí, kì í ṣe recruiter.

Àbúrò kan tó fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó tó fọwọ́ sí i. Ojú ewé kẹta ni mo kọ́kọ́ ṣí.