Kí ni melatonin ń sọ fún ọpọlọ àgùntàn nípa ìgbà ìbímọ?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oko àgùntàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Skọ́tílándì. Nílé wa ní Ìbàdàn, kò sí oṣù tí àgùntàn màmá mi kò lè bímọ, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ìgbà ìwọ́wé ni àwọn abo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún àgbò. Mo kà á pé melatonin, họ́mónù tí ń jáde lóru, ló ń fà á, mo sì tún kà á pé òun kan náà ló ń dá ìbímọ eku hamster dúró. Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì:
Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi nínú. Melatonin kì í pàṣẹ. Ìròyìn ni ó ń jẹ́, gígùn òru ni ó sì ń ròyìn. Ojú ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ibi tí aago ara wà nínú ọpọlọ, láti ibẹ̀ ni iṣan ti gbé ọ̀rọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn kí ó tó tún gòkè lọ bá ẹṣẹ́ pineal, tí ń tú melatonin jáde ní gbogbo ìgbà tí òkùnkùn bá fi wà.

Lára àgùntàn, kì í ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tú GnRH, họ́mónù ọpọlọ tí ń ta ètò ìbímọ jí, ni ó ń lọ bá tààrà. Pars tuberalis, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ẹṣẹ́ pituitary tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ni ó ń jíṣẹ́ fún. Bí òru bá kúrú, apá yìí á tú TSH, họ́mónù tí a mọ̀ pé ó ń lọ bá ẹṣẹ́ thyroid ní ọrùn. Èyí yani lẹ́nu, nítorí pé inú ọpọlọ ni TSH yìí ń padà sí dípò ọrùn, ibẹ̀ ni ó sì ti ń mú kí T4, họ́mónù láti inú thyroid, di T3, irú rẹ̀ tí ó lágbára jù. Bí òru bá gùn, melatonin á dín TSH náà kù, T3 á sì wálẹ̀.

Títí dé ibẹ̀, ọ̀nà kan náà ni àgùntàn àti hamster ń tọ̀. Ìgbà tí ó bá kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tú kisspeptin, èròjà ọpọlọ tí ń ta GnRH jí, ni wọ́n pínyà: òru gígùn ń mú kisspeptin pọ̀ lára àgùntàn, ó sì ń dín in kù lára hamster. Oyún oṣù márùn-ún ni ti àgùntàn, ti hamster kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ ìgbà tí koríko bá yọ ni ó yẹ kí ọmọ àwọn méjèèjì dé. Nítorí náà, ìgbà tí òru gùn ni àgùntàn ní láti lóyún, ìgbà tí òru kúrú sì ni ti hamster.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Dókítà Ẹranko:
Òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Ní ti Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí kan, nítorí náà oúnjẹ àti ìlera ni ẹ máa wò lára àgùntàn màmá yín. Ní Skọ́tílándì, ìyàtọ̀ náà ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ máa ń fi hóró melatonin sábẹ́ awọ ẹ̀yìn etí àgùntàn, kí ara rẹ̀ lè rò pé òru ti gùn, kí ó sì tètè gba àgbò.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ǹjẹ́ iná mànàmáná tí a máa ń tàn mọ́jú nínú ilé àgùntàn lè da ìròyìn yìí rú?

Dókítà Ẹranko:
Ó lè dà á rú. Ìmọ́lẹ̀ tó bá lágbára lóru máa ń dá melatonin dúró, nítorí náà ẹ pa á bí iṣẹ́ bá ti parí.