Tábìlì agbẹ́rù 2 tọ́ọ̀nù kọ̀ láti dìde nílẹ̀, bó bá sì dìde, ó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀

Arọ́rin Òṣogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Iléeṣẹ́ kan tó ń gé irin pẹlẹbẹ ní Òṣogbo níbí ló ní ká kan tábìlì agbẹ́rù hydraulic fún òun, 2 tọ́ọ̀nù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dábùú ara wọn bí àlùmọ́gàjí. Silíńdà kan, 80 mm nínú, ló dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń ti ẹsẹ̀. Òòlì ń gbé e sókè, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń mú un wálẹ̀. A so fáàfù ìdáàbòbò, èyí tó ń tú òòlì sílẹ̀ bí ìtì rẹ̀ bá pọ̀ jù, mọ́ 150 bar (bar ni ìwọ̀n ìtì òòlì). Tó bá sùn pátá, tí ẹsẹ̀ wà ní bíi 10 dígírì, kò ní mira tẹ́rù bá wà lórí rẹ̀. Tí forklift bá ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, á máa lọ geere. Bá a bá tún dá a dúró lókè, á rọra máa sọ̀. Ṣé ká ra pọ́ọ̀ǹpù tó tóbi jùyẹn ni?

Baba Silíńdà
Àbúrò, má rà á. Pọ́ọ̀ǹpù ńlá á kàn jẹ́ kó yára ni, kò ní fi agbára kún un. Silíńdà 80 mm ní 150 bar kò lè tì ju nǹkan bíi 7.7 tọ́ọ̀nù lọ. Bí silíńdà bá dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì wà ní 10 dígírì, ìlọ́po 5.7 ẹrù ló gbọ́dọ̀ tì: 11.3 tọ́ọ̀nù, a ò tíì ka ìwúwo tábìlì fúnra rẹ̀. Ní 20 dígírì ó já sí 5.5 tọ́ọ̀nù. Ní 45, tọ́ọ̀nù 2 péré. Ìdí tó fi ń lọ lẹ́yìn tí forklift bá gbé e nìyẹn. Fi silíńdà kejì kún un, tàbí kí o gbé ìdádúró ìsàlẹ̀ sókè kó má sùn kọjá 20 dígírì. Má ṣe yí fáàfù lọ sí 250 bar o! Họ́ọ̀sì, síìlì (róbà tó ń dí òòlì mọ́nú) àti pín-ìnnì (irin tó so oríkèé ẹsẹ̀) ló máa jìyà rẹ̀.

Òòlì Ò Gbọdọ̀ Jò
Ti sísọ̀ yẹn, ẹ kọ́kọ́ fi òpó irin sábẹ́ tábìlì, kó ku ìka méjì kó tó kàn án, kó lè sọ̀ láì pa ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo ihò èémí silíńdà, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé-jáde lódìkejì písítìnnì. Bí òòlì bá ń kán níbẹ̀, síìlì písítìnnì ti jẹ nìyẹn, kò sí fáàfù tó lè tún un ṣe. Bó bá gbẹ, tí òòlì kankan ò sì jò síta, fáàfù ni. Fáàfù tí irin inú rẹ̀ ń yọ̀ síwá sẹ́yìn kì í di ẹrù mú, ó máa ń jò díẹ̀díẹ̀. Ẹ lo èyí tí irin inú rẹ̀ ń jókòó pa ẹnu ihò dé. Ẹ sì fọ táǹkì dáadáa: ẹ̀rún grinder kan ṣoṣo lórí ìjókòó yẹn ti tó láti mú kó máa jò. Fáàfù tó ń dí bí họ́ọ̀sì bá bẹ́, ẹnu silíńdà gan-an ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀ǹpù.

Arọ́rin Òṣogbo
Ẹ ṣeun gan-an. Bí silíńdà bá di méjì, ṣé ọ̀kan ò ní ṣáájú èkejì?

Baba Silíńdà
Ojú páìpù kan náà ni kí o ti pín òòlì fún wọn. Ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì ló ń mú wọn dọ́gba, nítorí náà jẹ́ kó nípọn. Bó bá ń lọ́, tábìlì á dagun, pín-ìnnì á sì máa jẹ búùṣì, òrùka tó ń yí nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù tó o ní náà á gbé e, ṣùgbọ́n yóò gba ìlọ́po méjì àkókò.