GX160 ń mu ọ́ìlì: ṣé ríìngì nìkan ni kí n pààrọ̀?

Onígaàrí:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Honda GX160 tó ń yí ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló ń mu ọ́ìlì. Tí ẹ̀gẹ́ bá ti wọlé, èéfín búlúù á bo gbogbo ibẹ̀. Ẹnu púlọ́ọ̀gì dúdú, ó sì tutù fún ọ́ìlì. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra ríìngì, òrùka irin tó yí písítìn ká. Ṣé kí n rà á, àbí kí n kọ́kọ́ tú u?

Sípánà10:
Ẹ tú u kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Tí sílíńdà, ihò tí písítìn ń lọ bọ̀ nínú rẹ̀, bá ti jẹ jù, ríìngì tuntun kò ní dá èéfín dúró.

Ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ tú bóòtì mẹ́rin orí hẹ́ẹ̀dì, kí ẹ tó ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń yọ fáàfù, àwọn ìdérí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tó sì ń tú èéfín jáde, ẹ ṣọ́ra: fìlà irin kékeré kan wà lórí èyí tó ń tú èéfín jáde, èkejì kò ní. Ó máa ń já bọ́ sínú iyanrìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ wá ti ríìngì òkè nìkan wọnú sílíńdà, ẹ fi orí písítìn tì í kó má baà dagun, kí ẹ ki fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ àlàfo ẹnu rẹ̀. Ti tuntun jẹ́ 0.2 sí 0.4 mm. Tó bá kọjá 1 mm, ó ti parí nìyẹn. Ẹ bẹ ẹni tó ń ta sípíà kó jẹ́ kí ẹ fi tuntun dán an wò náà.

ỌgáKíráńkì:
Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ yẹ ọ́ìlì wò ná. Lítà 0.58 péré ni GX160 ń gbà. Odindi ìgò lítà kan ni àwọn mìíràn ń dà sí i, wọ́n á tún máa béèrè ìdí tó fi ń rú.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án nìkan ló ń rú, gáìdì fáàfù, ihò tí ẹsẹ̀ fáàfù ń gbà lọ bọ̀, ni ká fura sí. Èyí tó ń rú nígbà tó bá ń fa ẹrù, ríìngì tàbí sílíńdà ni. Ẹ má sì fi fífa okùn díwọ̀n agbára rẹ̀ o: nǹkan kékeré kan wà lára kámùṣáàfù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) tó ń ṣí fáàfù èéfín díẹ̀ nígbà tí a bá ń tan án, kí okùn lè fúyẹ́.

Ẹ wo fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Tó bá ti ya, eruku ló rin sílíńdà yín bí ẹ̀gẹ́.

Onígaàrí:
Ẹ ṣé gan-an. Ọ́ìlì kò pọ̀ jù, fóòmù ló ya. Ríìngì àtijọ́ 1.3 mm, tuntun 0.6, lókè níbi tí ríìngì ti ń yí padà.

Sípánà10:
A jẹ́ pé sílíńdà náà ti fẹ̀ díẹ̀. Bó bá fi 0.1 fẹ̀, ẹnu ríìngì á fi bíi 0.3 là sí i. Tí tuntun bá wá jẹ́ 0.6, sílíńdà ti fi 0.06 sí 0.13 fẹ̀ ju 68 mm tó yẹ kó jẹ́. 68.165 ni òpin rẹ̀, nítorí náà ẹ kò tíì nílò rìbóò, ìyẹn gbígbẹ́ sílíńdà fẹ̀ fún písítìn tó tóbi jù. Ríìngì tí mẹkáníìkì yín dárúkọ tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọn nǹkan kan.

Ẹ fi sáńpépà 240 àti kerosíìnì pa dídán inú rẹ̀ rẹ́, kí àwọn ìlà rẹ̀ dábùú ara wọn. Ọṣẹ àti omi gbóná ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Kerosíìnì nìkan kì í kó yẹ̀pẹ̀ sáńpépà kúrò. Ẹ fi ọ́ìlì nù ún lójú ẹsẹ̀ kó má dípẹtà.

ỌgáKíráńkì:
Nígbà tí ẹ bá ń tò ó: ojú ríìngì tó ní àmì máa wo òkè, kí ẹnu wọn má bára wọn. Àmì onígun mẹ́ta orí písítìn máa wo ìhà tí ọ̀pá fáàfù wà. Dọ́ọ̀tì gíà kíráńkì àti ti kámù gbọ́dọ̀ kojú ara wọn. Bóòtì kọ́nrọ́dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì), 12 N·m, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ ahọ́n ìsàlẹ̀ kọ́nrọ́dù wò pẹ̀lú, nítorí kò sí pọ́ǹpù ọ́ìlì níbẹ̀. Ahọ́n yẹn ló ń fọ́n ọ́ìlì ká. Hẹ́ẹ̀dì, 24 N·m, kí ẹ máa dì í láti igun sí igun, ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Àlàfo fáàfù, kí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.15 mm fún èyí tó ń fa afẹ́fẹ́, 0.20 fún ti èéfín, àmọ́ ẹ wo ìwé ẹ́ńjìnnì yín, torí ti àwọn tuntun kan kéré sí i.

Fóòmù tuntun kó tó tàn o. Kí ẹ sì yí ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́.