Ìrírí mi pẹ̀lú lésà Cr:ZnS: afẹ́fẹ́ ló ń bá wa jà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ìdí lésà Ti:sapphire (kírísítálì sapphire tí a fi titanium sí) bọ́ sí ìdí Cr:ZnS (kírísítálì zinc sulfide tí a fi chromium sí), òkùnkùn ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ìmọ́lẹ̀ lésà fáíbà tó ń fún kírísítálì lágbára ní ìgùn ìgbì nǹkan bí 1.56 micrometre (ìdá mílíọ̀nù mítà kan), èyí tó ń jáde wà ní ìtòsí 2.4. Ojú ò rí ìkankan nínú méjèèjì.

Lésà tiwa ń tàn dáadáa bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ń ṣàn láìdá. Àmọ́ tí mo bá ti jígí kan díẹ̀ kó lè di pọ́lùsì kúkúrú (ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde ní ègé kéékèèké), á gbà, kò ní pẹ́, á tún já. Mo wo sípẹ́kítírọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn àwòrán bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó ní ìgùn ìgbì kọ̀ọ̀kan: ó dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ, ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, ó sì burú jù lókè 2.5. Oru omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mu ìmọ́lẹ̀ náà. Àìmọye ìgbà sì ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn jígí, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò kéré rárá.

A fi àpótí bo gbogbo rẹ̀, a ń fẹ́ náítírójìn gbígbẹ sí i. Bí ọ̀rinrin ṣe ń lọ sílẹ̀ ni àwọn ihò náà ń dí. Mo tún ti jígí. Lójijì, kírísítálì wa, irú tó jẹ́ hóró kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ra, yọ àwọ̀ ọsàn! Agbára pọ́lùsì náà pọ̀ débi pé àwọn hóró yẹn ń pín ìgùn ìgbì rẹ̀ sí mẹ́rin, ìyẹn 0.6, tí ojú rí. Inú mi dùn kọjá sísọ. Àwọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí, kí n tó wo ẹ̀rọ kankan.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọpọlọ. Kírísítálì ZnSe (zinc selenide) lèmi ń lò tẹ́lẹ̀. Ooru máa ń sọ ọ́ di awò tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí agbára bá ti pọ̀. ZnS gba ooru jù ú lọ. Mo wá fi àwo tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi YAG (irú kírísítálì mìíràn) ṣe sí i, torí pé ó ń fa àwọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ZnS ti tú ká padà pọ̀. Pọ́lùsì mi wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 40 femtosecond (femtosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), ìyẹn ìyípo ìgbì márùn-ún péré.

Ṣé ọ̀nà tó jáde lọ síbi tí ẹ ti ń wọn pọ́lùsì náà wà nínú náítírójìn? Ìgbà tí mo bo tèmi ni ìrù gígùn tó ń tẹ̀lé pọ́lùsì tó dínkù.